Wáyà Abẹ Lórí Ọgbà Bàbá Akínlolú

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń fọṣọ ní àdúgbò náà, lẹ́yìn ìlú Ìkéré, níbi tí ọ̀dà ti tán lójú títì tí ilẹ̀ pupa sì ti bẹ̀rẹ̀. Fún ogún ọdún, ẹ̀yìnkùlé Bàbá Akínlolú ni àwọn obìnrin ilé mẹ́rin ń sá aṣọ sí. Kò sí ọgbà kankan níbẹ̀ nígbà náà, àyè gbalasa lásán ni. Ìbíwùmí, ìyàwó Bàbá, ló so okùn ọ̀rá kan láti ojú fèrèsé ilé ìdáná lọ sí ara òpó iná tó wà ní igun ilẹ̀ wọn. Òun ló sọ fún àwọn aládùúgbò pé oòrùn tó ń ràn sí ẹ̀yìnkùlé òun ju èyí tí aṣọ ènìyàn méjì lè lò tán, kí wọ́n máa gbé tiwọn wá.

Nígbà tí Ìbíwùmí kú, ẹ̀gbẹ́ ilé náà ni wọ́n sin ín sí, níbi tí Bàbá yóò ti máa rí i láti ojú fèrèsé. Wọ́n fi táìlì funfun bo ojú oórì. Bàbá ní kí Wálé, wẹ́dà tó wà létí títì Akúrẹ́, jó irin yí i ká kí ewúrẹ́ má baà máa sùn lé e.

Àwọn obìnrin kò dẹ́kun aṣọ sísá. Bàbá kò sì dí wọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní ìdálẹ̀, ariwo àwọn obìnrin wọ̀nyí ní òwúrọ̀ Sátidé nìkan ni ohùn ènìyàn tó kù nínú ilé náà. Kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Yóò jókòó sí ilé ìdáná, yóò máa gbọ́ ẹjọ́ tí wọ́n ń rò nípa ọkọ wọn.

Ẹni tó sún mọ́ olóògbé jù nínú wọn ni Mary, ọmọ Ìsẹ̀ tí ọkọ gbé wá sí Ìkéré, tíṣà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n fi ń pè é, Ìyá Àánú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Ìbíwùmí, kò sí Sátidé kan tí Ìyá Àánú gbé aṣọ wá láìgbé abọ́ oúnjẹ kan dání. Yóò gbé e ka orí tábìlì ilé ìdáná, yóò ní kí Bàbá má jẹ́ kí ó tutù. Bàbá yóò dáhùn pé ó ṣeun. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá ṣí fèrèsé, ó sì rí i pé irin tó yí oórì ká kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń kó irin tà fún àwọn tí ń fi òṣùwọ̀n ra irin àlòkù ti hú u lọ. Táìlì mẹ́ta ti fọ́ níbi tí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ewúrẹ́ kan dùbúlẹ̀ sáàárín oórì, ó ń jẹ àpọ̀jẹ.

Bàbá kò pariwo. Ó lé ewúrẹ́ náà, ó ṣa àfọ́kù táìlì sínú garawa, ó wẹ ọwọ́, ó wọ bàtà, ó sì gba ọ̀dọ̀ Wálé lọ. Gbogbo ilẹ̀ náà ló fẹ́ yí ká báyìí.

Wálé kò sáré tajà fún un. Ó gbé àga fún un, ó sì fi ohun tó wà nílẹ̀ hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún ló kọ́kọ́ mú jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń yí oko kòkó ká. Ó ní kò wọ́n, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ dípẹtà, ẹni tí ó bá sì ya lára gbọ́dọ̀ tètè lọ gba abẹ́rẹ́ ní ọsibítù, kí àìsàn tí í mú ẹnu gan má baà gbé e lọ. Ó mẹ́nu ba páànù. Ó ní ilé tí a bá fi páànù yí ká, ẹ̀yìn páànù náà ni olè yóò ti rí ibi sá pamọ́ sí, ará ìta kò sì ní mọ̀. Irin gbọọrọ tí a jó pọ̀ lágbára, ṣùgbọ́n òun gan-an ni àwọn olè irin ń wá kiri. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí nẹ́ẹ̀tì onírin kan tó ká bí ẹní sí igun ṣọ́ọ̀bù.

Ó ní láti iléeṣẹ́ ni wọ́n ti fi síńkì bò ó, òjò kò lè tètè mú un. Òun yóò fi kọnkéré ri páìpù mọ́lẹ̀, òun yóò na nẹ́ẹ̀tì náà mọ́ ọn, kò ní ga ju èjìká ènìyàn lọ. Ewúrẹ́ kò ní wọlé, àwọn aládùúgbò yóò sì máa rí ẹ̀yìnkùlé Bàbá láti ilé tiwọn.

"Ṣé olè lè gé e?" Bàbá bi í.

"Ẹni tó bá ní píláyà lè gé e, Bàbá. Ṣùgbọ́n ojú aládùúgbò ló ń ṣọ́ ilé, kì í ṣe irin nìkan."

"Ojú aládùúgbò wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n hú irin ìyàwó mi lọ."

Bàbá wo ṣọ́ọ̀bù náà yí ká, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára wáyà kan tó ká róbótó-róbótó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí ewé rẹ̀ mú bí bíléèdì ìfárí. Ó bèèrè orúkọ rẹ̀.

"Wáyà abẹ nìyẹn. Ológbò gan-an kì í gba ibẹ̀ kọjá." Wálé rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí i pé Bàbá kò rẹ́rìn-ín, ojú òun náà le. Ó ní orí ògiri gíga ni wọ́n ń gbé e sí, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè dé. Ó ní òun kò rò pé ó yẹ orí nẹ́ẹ̀tì, ní ẹ̀yìnkùlé tí àwọn obìnrin àtọmọdé ń wọ̀ tí wọ́n ń jáde.

Bàbá ní òun ti gbọ́. Ó ní kí ó na nẹ́ẹ̀tì náà, kí ó mú páìpù rẹ̀ gùn sókè, kí ó sì fi wáyà abẹ dé e lórí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Wálé fi ṣiṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí ó kù kí wọ́n gbé wáyà abẹ gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó wá bá Bàbá níwájú ilé.

Ọ̀rọ̀ tó gbé wá ni ti wáyà iná. Wáyà tó ń gbé iná láti orí òpó wá sí ilé Bàbá ti rọ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀ rẹ̀, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí wáyà abẹ bá gun òkè, orí rẹ̀ gan-an ni wáyà iná yóò sùn lé.

"Ẹ jẹ́ ká pe àwọn òṣìṣẹ́ iná kí wọ́n fà á sókè ná, Bàbá. Iṣẹ́ tèmi lè dúró."

"Iná wo? Ìgbà wo lo rí iná kẹ́yìn ládùúgbò yìí?"

Òótọ́ ni Bàbá sọ. Láti ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ni trànsfọ́mà àdúgbò ti jó, oṣù kẹta sì ti ń lọ. Fíríìjì ti di àpótí ìwé ní ilé àwọn kan. Àwọn ọmọdé ń fi ọwọ́ fa wáyà tó já lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ṣeré, ẹnikẹ́ni kì í bá wọn wí.

Wálé wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin náà wí i. Wáyà àdúgbò yìí, okùn lásán ni." Ó padà sórí àkàbà.

Bàbá sì sọ fún ara rẹ̀ pé ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbé trànsfọ́mà tuntun dé, òun yóò pè wọ́n kí wọ́n wá fà á sókè. Ó fẹ́ ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ṣe rí: kì í ṣe aláìbìkítà ènìyàn.

Okùn ọ̀rá Ìbíwùmí kò rí ibi gbà mọ́, nítorí ọgbà ti gba àárín rẹ̀ kọjá. Wálé gé e, ó ká a, ó gbé e fún Bàbá. Bàbá fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ìyá Àánú dé pẹ̀lú garawa lórí àti abọ́ lọ́wọ́. Ó dúró ní ẹnu géètì, ó wo wáyà abẹ náà láti igun kan dé èkejì.

"Bàbá, kí lẹ ṣe báyìí? Ulé yín ti di ọgbà ẹ̀wọ̀n."

"Ẹlẹ́wọ̀n kan náà ló wà níbẹ̀," Bàbá dáhùn. "Ẹ wọlé."

Ìyá Àánú rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé garawa kalẹ̀. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ àwàdà lẹ́nu Bàbá. Lẹ́yìn náà ló wò yí ká, ó bèèrè okùn. Ó ní ibo ni kí àwọn sá aṣọ sí báyìí, àbí Bàbá ti lé àwọn ni?

Bàbá kò fẹ́ kí wọ́n lọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an nìyẹn, kò sì mọ bí òun yóò ṣe sọ ọ́. Ó nawọ́ sí ọgbà tuntun.

"Ara nẹ́ẹ̀tì yẹn kò tó yín ni? Wọ́n fi síńkì bò ó, kò ní fi ìpẹtà ba aṣọ jẹ́. Ẹ máa sá a síbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sá aṣọ sára ọgbà Bàbá Akínlolú. Fún Sátidé mẹ́rin, ìró, súwẹ́tà, aṣọ ilé-ìwé àti aṣọ ìbùsùn ló bo nẹ́ẹ̀tì náà láti géètì dé igun òpó iná. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Àwọn obìnrin tilẹ̀ ní ó dára ju okùn lọ, kì í já. Lókè orí wọn, nígbàkúùgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́, wáyà iná ń lọ ó ń bọ̀ lórí wáyà abẹ. Ẹnikẹ́ni kò gbójú sókè wò ó.

Òjò rọ̀ kí ilẹ̀ Sátidé karùn-ún tó mọ́. Nígbà tí ó dá, ìkùukùu ṣì bo òkè Olóṣùnta títí dé ìdí. Ìyá Àánú nìkan ló tètè dé, nítorí ó ní ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gba ojú fèrèsé sọ fún Bàbá pé òun ti gbé iyán ka orí tábìlì, pé iṣu Ìsẹ̀ ni, kí ó fi wé ti Ìkéré kí ó sì sọ òótọ́. Bàbá ní òun yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́ kí òun tó dájọ́. Ìyá Àánú ní bí adájọ́ tó gba rìbá ṣe ń wí nìyẹn. Bàbá gbọ́ bí ó ṣe ń fún omi kúrò lára aṣọ.

Bàbá ṣí abọ́ náà. Ó ń wá ṣíbí ọbẹ̀ nígbà tí ohùn ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ ní pálọ̀.

Rédíò ni. Láti ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ló ti wà lára iná, Bàbá kò rántí yọ ọ́. Ní títì, àwọn ọmọdé hó yèè. Wọ́n ti gbé trànsfọ́mà tuntun dé láìkéde, wọ́n sì ti mú iná wá. Bàbá rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé orí sókè láti sọ fún Ìyá Àánú pé wọ́n ti mú un dé.

Ìyá Àánú kò dáhùn.

Ó dúró ti nẹ́ẹ̀tì náà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dì í mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán nínú omi òjò. Aṣọ ìbùsùn funfun kan ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dúró bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Bàbá mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó sáré lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fa súìṣì ńlá sílẹ̀, ó sì já síta. Lójú tirẹ̀, ó ti pa iná. Ó ku ìgbésẹ̀ mélòó kan kí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tí obìnrin kan kígbe láti òdìkejì ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ dúró! Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Ṣèyífúnmi ni, ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì iná ní Adó, tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Bàbá. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni Àánú, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, gba géètì wọlé pẹ̀lú garawa kejì. Ó rí ìyá rẹ̀. Ó ju garawa sílẹ̀. Bàbá gbá a mú ní ìbàdí.

"Mo ti pa iná," Bàbá ń sọ. "Mo ti pa á."

"Tinú ilé lẹ pa, sà. Èyí tó ń bọ̀ láti orí òpó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ di ọmọ yẹn mú." Ṣèyífúnmi ti gbé fóònù sétí, ó ń sọ orúkọ àdúgbò, ó ń ní kí wọ́n pa trànsfọ́mà, kí wọ́n pa á báyìí.

Wọ́n dúró. Ohun tó le jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Àánú ń jà, ó ń bẹ Bàbá, ó ń bú u, ó bu ọwọ́ rẹ̀ jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Bàbá kò tú u sílẹ̀. Láti ilé kejì, rédíò ẹlòmíràn ń polówó ọṣẹ ìfọṣọ, ohùn rẹ̀ ròkè nítorí pé inú àwọn ènìyàn dùn pé iná dé.

Nígbà tí rédíò náà dákẹ́, Ìyá Àánú ṣubú.

Wọ́n gbé e dé ọsibítù. Dókítà kò pẹ́ kí ó tó jáde sí wọn, bí ó sì ṣe ń bọ̀ ni wọ́n ti mọ̀.

Ìsẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, nílé bàbá rẹ̀. Bàbá Akínlolú wọ ọkọ̀ lọ, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ẹnikẹ́ni kò sì bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó padà délé, abọ́ iyán náà ṣì wà lórí tábìlì bí ó ṣe fi í sílẹ̀. Ó fọ̀ ọ́, ó nù ún, kò sì mọ ẹni tí òun yóò dá a padà fún.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, Adébọ́lá, ọkọ Mary, wá. Ṣèyífúnmi tẹ̀ lé e. Ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, obìnrin kúnlẹ̀ bí ọmọ ṣe ń kí bàbá. Adébọ́lá ní òun fẹ́ mọ ohun tó pa ìyàwó òun. Ó ní gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé àkókò rẹ̀ ló tó, ó sì ti sú òun láti máa gbọ́ ọ.

Ṣèyífúnmi mú wọn lọ sídìí ọgbà. Wọ́n ti gé iná ilé náà kúrò lórí òpó. Ó fi ọ̀pá hàn wọ́n ibi tí wáyà iná ti sùn lé wáyà abẹ. Rọ́bà tó bo wáyà náà ti ya níbẹ̀, ó gùn tó ìka kan, wáyà inú rẹ̀ sì ń dán. Ó ṣàlàyé fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ ni abẹ ń rẹ́ rọ́bà náà, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Kò sí iná nínú wáyà lákòókò yẹn, nítorí náà kò sí ohun tó kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ tí iná dé, ó gba ara wáyà abẹ, ó gba ara páìpù, ó sì wọ inú gbogbo nẹ́ẹ̀tì náà láti géètì dé igun. Aṣọ tútù, ọwọ́ tútù, ẹsẹ̀ nínú omi.

"Okùn ọ̀rá kì í gbé iná bẹ́ẹ̀," ó ní. "Màmá, ìyàwó Bàbá, kò yẹ kí wọ́n so ó mọ́ òpó iná rárá, ewu ni, ṣùgbọ́n ọ̀rá ni. Irin la fi rọ́pò rẹ̀."

Bàbá tẹ̀ ba, ó tún táìlì kan tó yẹ̀ ṣe lórí oórì ẹ̀gbẹ́ wọn, ó sì nàró.

"Èmi ni mo ní kí ó sá a síbẹ̀, Adébọ́lá. Wálé ti kìlọ̀ fún mi nípa wáyà yẹn. Mo ní iná wo."

"Mo mọ̀, sà. Àánú ti sọ èyí tó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Wálé wá sílé, ó sọ ìyókù." Adébọ́lá kò wo Bàbá lójú. "N kò ní pè yín lẹ́jọ́. Mary kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní dákẹ́. Ẹ máa dìde níwájú àwọn onílé, ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín. Kí wọ́n má tún sọ fún mi pé àkókò rẹ̀ ló tó."

Ní ìpàdé àwọn onílé tó tẹ̀ lé e, Bàbá Akínlolú dìde. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò yọ ohun tí Wálé sọ fún un kúrò, kò sì yọ ohun tí òun fi dá a lóhùn kúrò. Nígbà tí ó parí, ó bèèrè pé ta ni wáyà iná rẹ̀ fara kan ọgbà onírin, tàbí òrùlé páànù, tàbí géètì. Ọwọ́ kan lọ sókè, òmíràn tẹ̀ lé e. Ilé mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, ọwọ́ mẹ́sàn-án ló lọ sókè.

Wálé náà dìde. Ó ní nígbà tí oníṣẹ́ bá rí ewu, kò yẹ kí ó fi àwàdà bò ó nítorí pé ẹni tó ń fún un níṣẹ́ jẹ́ àgbà. Ó ní ó yẹ kí òun ti gbé àkàbà òun, kí òun máa lọ. Ó jókòó.

Ọjọ́ kejì ni ó wá tú wáyà abẹ náà. Kò gba owó. Nẹ́ẹ̀tì kékeré ló kù, èyí tí kò ga ju èjìká lọ, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe kọ́kọ́ sọ. Bàbá ri igi méjì mọ́lẹ̀ láàárín ẹ̀yìnkùlé, ó jìnnà sí ọgbà, ó jìnnà sí òpó, ó sì na okùn ọ̀rá Ìbíwùmí sí i. Fún oṣù méjì, kò sí aṣọ kankan lórí rẹ̀. Ewúrẹ́ ń gba ẹnu géètì tí Bàbá kò tì mọ́ wọlé, wọ́n ń sùn lórí oórì. Kì í lé wọn.

Ní Sátidé kan, Àánú wọlé pẹ̀lú garawa ìyá rẹ̀. Kò kí Bàbá. Ó sá aṣọ ilé-ìwé méjì àti ṣẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀, ó sì jókòó sórí garawa tó dojú dé, ó kẹ̀yìn sí ilé, ó ń ṣọ́ wọn títí wọ́n fi gbẹ. Bàbá wà ní ojú fèrèsé ilé ìdáná. Abọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbé e jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi irin yí ilé ká, ẹ gbọ́ ohun tí Ṣèyífúnmi sọ ní ìpàdé náà lẹ́yìn tí Wálé jókòó.

Kí o tó mú irú irin tí o fẹ́, gbójú sókè wo ohun tó wà lókè ilẹ̀ rẹ. Bí wáyà iná bá rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, lọ sọ fún ọ́fíìsì iná kí wọ́n wá fà á sókè kí wẹ́dà tó gbé àkàbà rẹ̀ dé. Má gun òpó fúnra rẹ. Má so ọgbà, géètì tàbí okùn aṣọ mọ́ òpó iná, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó tí àwọn ènìyàn ti ń so ó. Nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi síńkì bò, tí kò ga, tí wọ́n fi kọnkéré ri páìpù rẹ̀, ti tó fún ewúrẹ́ àti fún ọ̀pọ̀ ilé. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún, oko ló yẹ. Wáyà abẹ kò yẹ ibi tí ọwọ́ tàbí wáyà iná lè dé. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ láti fi iná sínú ọgbà nítorí olè. Kì í dá olè mọ̀ yàtọ̀ sí ọmọ rẹ. Má sá aṣọ sára irin kankan tó yí ilé ká.

Bí iná bá gbé ènìyàn lójú rẹ, má fọwọ́ kàn án. Súìṣì inú ilé kò pa èyí tó wà lórí òpó. Pe ọ́fíìsì iná, kí gbogbo ilé sì ní nọ́ńbà náà lára ògiri. Di àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ mú, bí wọ́n tilẹ̀ bù ọ́ jẹ.

Bí iná kò bá sí ládùúgbò rẹ láti oṣù mẹ́ta, má pe wáyà ní okùn. Jáde lọ wo ọgbà rẹ lónìí, kí iná tó dé.